Owó mi wà lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ wọ́n fẹ́ fi kún direct debit mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Morẹ́: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ilé-iṣẹ́ tí mò ń san owó iná àti gáàsì fún kọ̀wé sí mi pé láti oṣù karùn-ún, direct debit mi, ìyẹn owó tí wọ́n ń yọ ní báńkì mi lóṣooṣù, máa kúrò ní £118, yóò di £171. Mo ṣí áàpù wọn, mo sì rí i gbangba pé £386 mi ló wà lọ́wọ́ wọn. N kò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀! Mo pè wọ́n, orin ni wọ́n fi sí mi létí títí. Ọmọbìnrin tó wá gbé e sọ pé kọ̀ǹpútà ló ṣírò rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, òru ni mo fi ń ṣe é. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó kún council tax, owó orí ilé tí à ń san fún ìjọba ìbílẹ̀. Ilé-ìwé àwọn ọmọ ń béèrè owó ìrìn-àjò. Obìnrin òyìnbó tó ń gbé lókè wa, £90 ló ń san! Ṣé wọ́n rò pé a ò mọ̀wé ni? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Àdùkẹ́ Peckham: Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí mi. Nígbà tí à ń gbé ilé onímítà káàdì, tó jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ sanwó sí i kí iná tó wá, owó tán lórí rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta á ti tì. Kóòtù òtútù la wọ̀ sùn, èmi àtọmọ. Títí dòní, bí mo bá rí àpòòwé wọn, àyà mi á já.

Bọ̀dá Kúnlé: Ẹ wọ áàpù báńkì yín, kí ẹ fagi lé direct debit náà lóru yìí. Owó yín ni.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Bọ̀dá Kúnlé, ẹ má kó èèyàn sí wàhálà. Bó bá fagi lé e, wọ́n lè gbé e sọ́dọ̀ àwọn tó ń dúró de bílì kí wọ́n tó san, owó tiwọn sì máa ń wọ́n jù. Àǹtí, ẹ kọ ẹ̀sùn. Òfin Ofgem, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ iná àti gáàsì ní Britain, ni pé iye direct debit gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìwífún tó péye jù, tó sì tuntun jù, nípa iná tí ẹ ń lò, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ fún yín kó yé yín. “Kọ̀ǹpútà ló ṣírò rẹ̀” kì í ṣe àlàyé. Ẹ sì lè ní kí wọ́n dá kírẹ́díìtì yín, ìyẹn owó yín tó wà lọ́wọ́ wọn, padà.

Bọ̀dá Kúnlé: Mo ti fagi lé tèmi rí, kò sí nǹkan tó ṣe mí. Direct Debit Guarantee wà, ìlérí tí báńkì ṣe láti dá owó padà.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ìyẹn wà fún owó tí wọ́n bá ṣèèṣì yọ, tàbí tí wọ́n bá yí iye rẹ̀ padà láìsọ fún yín ṣáájú. Kò pa bílì rẹ́ o.

Alàgbà Thamesmead: Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Kírẹ́díìtì oṣù kẹwàá àti ti oṣù kẹrin kì í ṣe ọ̀kan náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iye kan náà lò ń san ṣùgbọ́n iná tí o ń lò kéré, owó á máa pọ̀ sí i de ìgbà òtútù. Bí òtútù bá ti lọ tán, ó yẹ kí owó yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tí £386 bá ṣì wà lóṣù kẹrin, ẹjọ́ rẹ le gan-an. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ṣé mítà ni wọ́n kà, àbí wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ ni? Wo ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà orí bílì, bóyá lẹ́tà E wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nílé?

Ìyá Morẹ́: Ẹ ṣé gan-an. Bọ̀dá Kúnlé, mo ti fagi lé e lánàá kí n tó kọ̀wé síbí, mi ò sì kábàámọ̀. Smart ni mítà mi, ó ń ka ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó dá mi lóhùn lórí obìnrin òkè wa tó ń san £90.

Àdùkẹ́ Peckham: Bóyá òun nìkan ló ń gbé. Ẹ dáhùn ìbéèrè Alàgbà.

Alàgbà Thamesmead: Smart míì kì í fi nọ́ńbà ránṣẹ́ mọ́ téèyàn bá ti yí ilé-iṣẹ́ padà. Ṣé o yí padà?

Ìyá Morẹ́: Mo yí padà lóṣù kẹsàn-án, torí àwọn ti tẹ́lẹ̀ ò níwà. Ẹ̀rọ kékeré inú kíṣìnì tó ń fi iná tí à ń lò hàn ò tàn mọ́ látìgbà yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, E ló wà lórí gbogbo bílì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n kà á. A jẹ́ márùn-ún. Màmá mi dé lóṣù kọkànlá, òtútù ń dà wọ́n láàmú, hítà oníná ni mo gbé sí yàrá wọn, tọ̀sán tòru. Ìyá tó bí mi ò ní máa gbọ̀n nínú ilé mi.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Háà! Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Orí ìwé lásán ni £386 yẹn wà, torí wọn ò tíì ka iná tí hítà yẹn ń jẹ.

Bọ̀dá Kúnlé: Ẹ ò sì sọ ọ́ látàárọ̀!

Àdùkẹ́ Peckham: Ẹ má jẹ wọ́n níyà, ìyá wọn ni wọ́n ń tọ́jú. Ẹ bá wa kí màmá o.

Alàgbà Thamesmead: Dìde, lọ ka mítà, kí o ya fọ́tò rẹ̀. Àwọn náà ò mọ̀ pé màmá wà níbẹ̀, inú àfojúdíwọ̀n náà ni £171 ti jáde.

Ìyá Morẹ́: Mo ti kà á. Iná: 18,420 ni wọ́n kọ sí bílì, 19,655 ni mítà ń sọ. Gáàsì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Pẹ́nsì 26 ni yúnìtì kan.

Alàgbà Thamesmead: Yúnìtì 1,235 ló fi ju tiwọn lọ, ìyẹn tó £321. Nínú £386, nǹkan bíi £65 ló kù. O ò tíì jẹ gbèsè. Màmá ń padà nígbà wo?

Ìyá Morẹ́: Oṣù kẹfà, wọ́n ń padà sí Ìbàdàn. Ìdí nìyẹn tí n ò fi gba £171!

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ohun tí ẹ máa kọ gan-an nìyẹn. Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n ṣe bílì tuntun lórí nọ́ńbà gidi, ẹ sọ ọjọ́ tí àlejò ń lọ àti pé hítà yẹn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, kí wọ́n wá tún ìṣirò ọdún kan ṣe, kí ẹ sì rí bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ kọ “ẹ̀sùn” sórí rẹ̀ gbàgàdà, kí wọ́n má pè é ní ìbéèrè. Bí ọ̀sẹ̀ 8 bá kọjá tí wọn ò yanjú rẹ̀, Energy Ombudsman ló kàn, àwọn tó ń dájọ́ láàárín oníbàárà àti ilé-iṣẹ́ iná, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá fara mọ́ ìdájọ́ wọn, dandan ni kí ilé-iṣẹ́ náà tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá direct debit padà.

Bọ̀dá Kúnlé: Èmi ò gbà pé kí wọ́n dá a padà kí wọ́n tó rí ìṣirò.

Ìyá Morẹ́: Fọ́tò ti lọ. Direct debit, màá dá a padà bí wọ́n bá fi í sí £118 títí ìṣirò á fi jáde. Ta ló ti kọ irú ẹ̀sùn yìí rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tiyín ránṣẹ́ sí ínbọ́ọ̀sì mi, iṣẹ́ òru ti ń pè mí.