Progesterone yìí fẹ́ sọ mí di ẹlòmíràn: ṣé mo lè fi í sílẹ̀ kí n máa lo estrogen nìkan?

Àṣàkẹ́77

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá dá mi lóhùn.

Mo ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta. Nǹkan oṣù mi ò tíì dá, àmọ́ kò létò mọ́: ó lè fo oṣù méjì, kó tún wá dé lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Ooru máa ń bò mí lóru, aṣọ tí mo bá wọ̀ sùn á rin gbingbin. Dókítà ní àsìkò tí ara ń múra àtidá nǹkan oṣù dúró ni mo wà, ó wá kọ oògùn họ́mọ́ọ̀nù fún mi: estrogen tí mò ń lẹ̀ mọ́ itan, tí mò ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àti kápúsù progesterone 200 mg tí mò ń gbé mì lálẹ́ fún ọjọ́ 12 lóṣù.

Estrogen yẹn, oore nìkan ló ṣe mí. Kò pẹ́ tí ooru náà fi lọ. Oríkèé ìka mi tó máa ń le láàárọ̀, tí mi ò lè fi ṣí ìdérí ìgò, ti rọ̀. Orúkọ èèyàn tí mo máa ń gbàgbé lójú onítọ̀hún tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí mi lẹ́nu. Mo tiẹ̀ ń dá kọrin ní bálùwẹ̀.

Àmọ́ bí ọjọ́ progesterone bá ti wọlé báyìí, ara mi mọ̀. Bí mo bá gbé e mì tán, kò ní tó wákàtí kan tí òòyì á fi máa kọ́ mi, ògiri ni mo máa ń dì mú dé ilé ìtọ̀. Tó bá di àárọ̀, ojú mi á là, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ò tíì jí. Ọmú á wú, á máa dùn mí débi pé bẹ́líìtì ọkọ̀ ò ní ṣeé fà kọjá àyà. Síkẹ́ẹ̀tì tó gbà mí dáadáa lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, síìpù rẹ̀ ò ní pàdé mọ́.

Gbogbo ìyẹn, mo lè fara dà á. Ti ọkàn mi ni mi ò lè fara dà. Ìbànújẹ́ kan á kàn já lù mí láìnídìí. Lọ́jọ́ kan, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ilé ìdáná, mo bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ọmọ mi obìnrin sáré wọlé, ó ní, "Màmá, ta ló kú?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣíbí ló bọ́.

Bí kápúsù bá ti tán, tí ẹ̀jẹ̀ dé, mo tún ti di èmi.

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé ara máa ń mọ́ ọn ni? Ṣé mo lè pa progesterone tì? Ẹnì kan wà níbi iṣẹ́ mi tí kò lo ju estrogen lọ, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ẹlòmíràn tún ní kí n ra ìpara kan tí wọ́n fi iṣu inú igbó ṣe, pé progesterone gidi ló wà nínú ẹ̀, pé kò sì ní wàhálà kankan.

Ìyá Rẹ̀mí

Àbúrò mi, kú ìrọ́jú. Kí o tó ṣe ohunkóhun, bi ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ yẹn bóyá wọ́n ti gbé ilé ọmọ rẹ̀ kúrò. Ó jọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà, estrogen nìkan ni mò ń lò, torí pé wọ́n yọ ilé ọmọ mi nígbà tí fibroid dà mí láàmú. Ẹni tí kò ní ilé ọmọ mọ́, lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í fún un ní progesterone. Ìwọ tí tìẹ ṣì wà níbẹ̀, má dá a dúró fúnra ẹ o. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ á ṣàlàyé.

Apòògùn Ṣadé

Ẹ kú ìrọ́jú, Àǹtí Àṣàkẹ́. Iṣẹ́ apòògùn ni mò ń ṣe, ìbéèrè yìí kì í sì í tán níwájú mi.

Estrogen máa ń mú kí awọ inú ilé ọmọ nípọn sí i. Progesterone ló ń dá a dúró, tó sì ń jẹ́ kó bọ́ dànù bí kápúsù bá ti tán; ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń rí nìyẹn. Bí kò bá sí ohun tó ń dá a dúró, awọ náà á máa hù lọ, bó bá sì yá, ó lè di jẹjẹrẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àtẹnudẹ́nu. Lọ́dún 1975 ni àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà kéde pé jẹjẹrẹ ilé ọmọ ń pọ̀ láàárín àwọn obìnrin tó ń lo estrogen nìkan. Ìwádìí kan tún wà tí wọ́n ń pè ní PEPI, èyí tí èsì rẹ̀ lórí ilé ọmọ jáde lọ́dún 1996. Ọdún 3 ni wọ́n fi ń ṣọ́ àwọn obìnrin náà. Nínú àwọn tó lo estrogen nìkan, bí 34 nínú 100 ni awọ ilé ọmọ wọn hù dé ìwọ̀n tó ń dẹ́rù bani. Àwọn tí wọ́n fi progesterone kún tiwọn, awọ ilé ọmọ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tí wọn ò fún ní họ́mọ́ọ̀nù rárá. Ẹ sì wò ó o: 200 mg fún ọjọ́ 12 lóṣù, iye tí ẹ ń lò yẹn gẹ́lẹ́, wà lára ohun tí wọ́n dán wò níbẹ̀. Dókítà yín ò méfò.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí òòyì àti ẹkún. Progesterone tí èèyàn bá gbé mì, ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà kọjá, ẹ̀dọ̀ á sì sọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ di nǹkan míì. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ allopregnanolone, inú ọpọlọ ló sì ń lọ, níbi tí oògùn oorun ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní alẹ́ ni kí ẹ máa lò ó. Ó máa ń fi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn balẹ̀, àmọ́ òdìkejì ló ń ṣe fún àwọn kan: inú á máa bí wọn, ẹkún á máa gbọ̀n wọ́n. Nígbà tí nǹkan oṣù yín ṣì létò, ṣé ọkàn yín kì í dà rú bó bá ti ku díẹ̀ kó dé? Ẹni tó ń rí ìyẹn tẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń rí èyí náà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìgbà tí ẹ ń lò ó. Oúnjẹ máa ń jẹ́ kí púpọ̀ sí i wọnú ẹ̀jẹ̀, torí náà bí ẹ bá jẹun tán tí ẹ gbé e mì lójú ẹsẹ̀, òòyì yẹn á le. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ alẹ́ dà díẹ̀, kí ẹ ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ tó gbé e mì. Ọtí ń dá kún un. Bí ojú yín ò bá sì tíì là tán láàárọ̀, ẹ má wa ọkọ̀. (Nǹkan míì tí mo máa ń sọ fún gbogbo èèyàn: òróró ẹ̀pà wà nínú kápúsù àwọn kan. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà, kó ka ìwé inú páálí dáadáa.)

Ti ìpara oníṣu yẹn, irọ́ tó ní ìdí ni. Láàárín ọdún 1940 sí 1949, onímọ̀ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ Russell Marker lọ sí Mẹ́síkò, ó sì fi èròjà kan tó ń jẹ́ diosgenin, láti inú iṣu igbó ibẹ̀, ṣe progesterone lóòótọ́. Àmọ́ inú ilé ìwádìí ló ti ṣe é, kẹ́míkà ló fi yí i padà. Ara èèyàn ò ní ohun tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ lè fi ìpara náà pa ẹsẹ̀ bó bá wù yín. Kò ní dáàbò bo ilé ọmọ.

Àdùnní Alẹ́

Èmi á sọ tèmi o, kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ má baà kà á tán kó sá. Nínú méjèèjì, progesterone ni mo fẹ́ràn jù! Aago mẹ́ta òru ni mo máa ń jí tẹ́lẹ̀, kí n máa wo àjà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ní báyìí, bí mo bá ti gbé e mì, ó di àárọ̀. 100 mg ni tèmi, alaalẹ́ ni mò ń lò ó, kò sí ọjọ́ ìsinmi, mi ò sì rí ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí tiyín sí bẹ́ẹ̀?

Mọ́ńjọlá

Àdùnní, mo bá ẹ yọ̀, àmọ́ nǹkan oṣù tìẹ ti dá, àbí? Ohun tí dókítà mi sọ fún mi ni pé nígbà tí ẹyin obìnrin bá ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ti alaalẹ́ yẹn sábà máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa kán nígbà tí èèyàn ò retí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún irú àwa wọ̀nyí ní ti ọjọ́ 12 sí 14.

Àṣàkẹ́, àbúrò mi, mo mọ ẹkún ṣíbí yẹn. Ìbínú ni tèmi. Baálé mi bi mí pé níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà, ìbéèrè tí kò ju ìbéèrè lọ. Nígbà tí mo dá a lóhùn tán, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni ó rọra fi yàrá sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi, ẹ̀rù sì bà mí.

Dókítà tí mo kọ́kọ́ lọ bá ní kí n fara dà á, ó tún fẹ́ kọ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fún mi. Mi ò gbà. Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ lálaalẹ́: ṣé mo lo kápúsù, báwo ni mo ṣe sùn, báwo ni inú mi ṣe rí, ṣé mo rí ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe ìtàn gígùn o, ìlà kan péré. Dókítà mìíràn tí mo gbé e lọ bá ṣí ìwé náà, ó fi ìka tọ ojú ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Ẹ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ibi tó ti parí." Ọjọ́ kápúsù gẹ́lẹ́ ni. Kò tún bi mí ní ìbéèrè kankan nípa bóyá ilé mi tòrò.

Ohun tó ṣe ni pé ó ní kí n máa fi kápúsù náà sí ojú ara lálẹ́ dípò kí n gbé e mì. Kápúsù kan náà ni. Bó bá gba ibẹ̀ wọlé, kì í kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ kọjá, torí náà nǹkan tó ń lọ kọ́ni ní òòyì yẹn ń dín kù. Ó sọ fún mi pé ìwé inú páálí lè má sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ń ṣe é. Òun ló sọ iye tí n máa lò, mi ò dá a yí padà. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ohun funfun kan tó ń yọ̀ bí òróró á máa jáde láàárọ̀, wá nǹkan tẹ́ sínú pátá. Mo ti bínú sí i títí, ó ti sú mi láti bínú. Àmọ́ orí mi fúyẹ́. Inú ṣì máa ń bí mi díẹ̀ láwọn ọjọ́ yẹn, èyí tí mo lè pa mọ́ra ni.

Àbúrò mi obìnrin ṣe bẹ́ẹ̀, tirẹ̀ ò lọ. Mirena ló bọ́ sí nígbẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ. Oògùn tó wà nínú tirẹ̀ ń jẹ́ levonorgestrel, ibi tí wọ́n fi í sí gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́ jù, ìwọ̀nba ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Ọdún 5 ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Ó dùn ún nígbà tí wọ́n ń fi í sí i, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán fún un fún oṣù bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà ló wá dákẹ́. Àǹfààní kan tún ni pé ó ń dènà oyún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, oògùn họ́mọ́ọ̀nù tí à ń sọ yìí kì í dènà oyún o! Bí nǹkan oṣù ò bá tíì dá tán, oyún ṣì lè dúró. Oògùn mìíràn tún wà tí wọ́n lè fúnni dípò progesterone, ó ń jẹ́ dydrogesterone, ara àwọn kan gbà á ju kápúsù yìí lọ.

Ọmú àti ikùn wíwú yẹn, tèmi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń ní kí èèyàn fún un ní bíi oṣù 3. Àmọ́ ti ọkàn yàtọ̀. Bó bá dé ibi tí o ti ń rò pé ayé yìí ò tó ohun tí à ń gbé mọ́, má dúró de oṣù kankan, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí o pe dókítà.

Àṣàkẹ́77

Ẹ ṣé púpọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo bi ẹni ibi iṣẹ́ mi lónìí. Ìyá Rẹ̀mí, ẹ ò parọ́: ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yọ tirẹ̀ kúrò. Òun gan-an ò mọ̀ pé ìyẹn ni wọn ò fi fún un ní progesterone!

Apòògùn Ṣadé, ó jọ pé ẹ ń wo ilé wa. Orí tábìlì oúnjẹ ni mò ń gbé kápúsù náà sí kí n má baà gbàgbé rẹ̀. Ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì báyìí. Ìgbà tí nǹkan oṣù mi ṣì létò ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni o, bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan kó dé, kò sẹ́ni tó lè bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Mo ti gba àyè lọ́dọ̀ dókítà, ti ojú ara yẹn ni mo máa kọ́kọ́ bi í. Ìbéèrè kan ló kù: lóṣù tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ti dé kí kápúsù tó tán. Ṣé ewu ni?

Apòògùn Ṣadé

Láàárín oṣù 3 sí 6 àkọ́kọ́, ó lè máa dé bó ṣe wù ú. Ẹ kọ ọjọ́ tó dé sínú ìwé, kí ẹ sì sọ fún dókítà. Bó bá pọ̀ jù, bó bá kọjá oṣù 6 tí kò tíì létò, tàbí bó bá ti létò tó tún wá dà rú, ó yẹ kí wọ́n yẹ ilé ọmọ wò, wọ́n lè ní kí ẹ lọ ya skáànù. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi kún estrogen yín nígbà kan, ẹ bi wọ́n bóyá iye progesterone yín ṣì tó.

Ìyá Rẹ̀mí

Tó bá jẹ́ Mirena lẹ sọ̀rọ̀ bọ́ sí, béèrè ohun tí wọ́n máa fún ẹ fún ìrora kí wọ́n tó fi í sí i o. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé ìṣẹ́jú kan ni.