Bẹ́nífíìtì àìlera àti owó àìríṣẹ́: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Àǹtí Thamesmead:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa Yorùbá tó wà nílùú ọba máa ń fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, òun ni mo fẹ́ ká tú síta lónìí, ọ̀rọ̀ bẹ́nífíìtì ni, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba. Ojú máa ń ti àwọn èèyàn wa láti béèrè, ẹni tí wọ́n bá sì bi léèrè náà ò mọ bí òfin ẹ̀ ṣe rí, á kàn ní "wọn ò lè fún ẹ, ṣebí o ń ṣiṣẹ́", ibẹ̀ náà lọ̀rọ̀ á parí sí. Ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò mi ọkùnrin, òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́.

SS ni. Fòníkú-fọ̀ládìde tí ẹ mọ̀ yẹn. Pépà ẹ̀ pé, ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ó sì máa ń wọ ọsibítù látìgbàdégbà. Ó béèrè fún PIP, ìyẹn Personal Independence Payment tí wọ́n gbé dé lọ́dún 2013 láti rọ́pò DLA (Disability Living Allowance) fún àgbàlagbà. Kí n tètè yanjú èyí: PIP ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú pé èèyàn ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè iye tó wà ní báńkì yín. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé ẹ ti pé ọdún 16 ẹ ò sì tíì dé ọjọ́ orí pẹ́ńṣọ̀n, pé ìnira yẹn ti wà lára yín fún oṣù mẹ́ta ó sì jọ pé á ṣì wà fún oṣù mẹ́sàn-án sí i, pé ẹ ti gbé níbí fún ọdún méjì nínú mẹ́ta tó kọjá, àti pé físà yín ò ka owó ìjọba léèwọ̀ fún yín.

Ibi tó ti wá le gan-an ni póìntì. Orúkọ àìsàn ò ní póìntì kankan. Ẹ lè ní SS, ẹ lè ní ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, kò tíì kan owó. Ohun tí wọ́n máa bi yín ni oúnjẹ sísè, oúnjẹ jíjẹ, ìwẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, aṣọ wíwọ̀, oògùn lílò, ọ̀rọ̀ sísọ, ìwé kíkà, bíbá èèyàn pàdé, owó níná, ìyẹn ni apá kìíní, apá kejì ni ìrìn àti bóyá ẹ lè dá jáde lọ síbi tí ẹ ń lọ. Póìntì 8 ní apá kan, owó kékeré ti apá yẹn, 12, owó ńlá. Ẹni tó bá gba 7 ò gba kọ́bọ̀.

Àbúrò mi gba òdo. Òdo pátápátá! Ẹni tó ṣe assessment ẹ̀ lórí fóònù bi í pé ṣé o lè se oúnjẹ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé o lè dá wẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Báwo lara lónìí, ó ní a dúpẹ́. Ẹ̀yin ará, bí ìyá wa ṣe tọ́ wa nìyẹn. Èèyàn kì í fẹnu ara ẹ̀ pe àìsàn mọ́ra, egungun lè máa ro ọ́ láti òru mọ́jú, tí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé dáadáa ni, dáadáa náà ni. Ẹni tó wà lórí fóònù ò mọ̀yẹn, ohun tó gbọ́ ló kọ. Mi ò sọ pé ó burú kéèyàn máa sọ rere sí ara ẹ̀, èmi náà ń ṣe é lójoojúmọ́, àmọ́ fọ́ọ̀mù yẹn ò béèrè ohun tí ẹ gbà gbọ́, ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín lè ṣe ló ń béèrè.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí òfin sọ, torí pé èyí gan-an ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Kí wọ́n tó lè sọ pé ẹ "lè" ṣe nǹkan, ẹ gbọ́dọ̀ lè ṣe é láì fara pa, kó dáa tó bó ṣe yẹ, kí ẹ lè tún un ṣe nígbà tó bá tún yẹ, kó má sì pẹ́ ju ìlọ́po méjì àsìkò tí ẹni tára ẹ̀ le máa lò. Ẹni tó wẹ̀ tán tó ní láti lọ dùbúlẹ̀ fún wákàtí kan kó tó lè wọṣọ, ṣé ẹni yẹn lè wẹ̀? Nílé wa a máa ní ó lè wẹ̀. Lójú òfin, ó lè jẹ́ pé kò lè wẹ̀. Èkejì ni pé ìnira náà gbọ́dọ̀ wà ní ọjọ́ tó ju ìdajì lọ nínú ọdún. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn SS ti ń pàdánù, wọ́n á rò pé ọjọ́ kíráísìsì nìkan ló kà, ọjọ́ kíráísìsì ò sì tó ìdajì ọdún. Ọjọ́ tó wà láàárín ńkọ́? Ìbàdí tó ń dùn ún, ẹsẹ̀ tó ní egbò, àárẹ̀ tí kì í jẹ́ kó lè dúró nídìí sítóòfù débi tí ẹran á fi jinná. Àga tó ń jókòó lé lórí se oúnjẹ yẹn gan-an, póìntì 2 wà fún un, àwa sì rò pé àga lásán ni.

A kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn SS ní ọsibítù kọ lẹ́tà tiẹ̀. A ní kí wọ́n tún ìpinnu náà yẹ̀ wò, mandatory reconsideration ni wọ́n ń pè é, oṣù kan péré ni wọ́n fún èèyàn láti béèrè. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àwọn ò yí padà. A bá lọ sí tribunal, ìyẹn ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ má jẹ́ kí tribunal bà yín lẹ́rù, àwọn mẹ́ta ló jókòó, adájọ́ kan, dókítà kan, àti ẹnì kan tó mọ̀ nípa ìgbé ayé àkàndá. Dókítà yẹn ló bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í rí, ó ní "sọ bí o ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ àná fún mi, ní ẹsẹẹsẹ". Àbúrò mi sọ ọ́. Èmi tí mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ò mọ ìdajì nínú ohun tó sọ. Wọ́n fún un ní apá méjèèjì, wọ́n sì san owó ẹ̀yìn láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ̀yin náà ẹ wá sọ tiyín.

Dèbọ̀ Leeds:
Àǹtí, ọ̀rọ̀ "a dúpẹ́" yẹn wọ̀ mí lára. Mọ́mì mi ti kọjá ọjọ́ orí PIP, Attendance Allowance ni tiwọn, ìyẹn ò ní ti ìrìn rárá, ìtọ́jú nìkan ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti nílò ìtọ́jú fún oṣù mẹ́fà. Làkúrègbé ò jẹ́ kí wọ́n lè di bọ́tìnì, èmi ni mò ń wọṣọ fún wọn kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí a ń kọ fọ́ọ̀mù wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé àwọn ò nílò ẹnikẹ́ni. Mo ní Mọ́mì, èmi ńkọ́? Wọ́n ní "ìwọ kì í ṣe ẹnikẹ́ni, ọmọ mi ni ẹ́". Mo ní láti ṣàlàyé fún wọn pé ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ ń ṣe náà ni òfin ń béèrè, kò ní kó jẹ́ ẹni tí a ń sanwó fún. Wọ́n gbà, a kọ ọ́, wọ́n sì fún wọn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣe kíà:
Ẹ jẹ́ kí n sọ fún àwa tí a wà lórí físà iṣẹ́, torí pé àwa ni wọ́n ń pa lẹ́nu mọ́ jù. No recourse to public funds, ìyẹn pé mi ò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ló wà lórí físà mi, ẹ̀yìn mi sì lọ níbi tí mo ti ń gbé bàbá arúgbó kan. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè, títí kan àwọn tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ní kí n má béèrè nǹkan kan o, wọ́n á dá mi padà sílé.

Òótọ́ ni pé Universal Credit (owó ìrànwọ́ fún ẹni tówó tó ń wọlé fún ò tó), PIP, Child Benefit, owó ilé, gbogbo ìyẹn wà lára ohun tí a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, ẹ má lọ gbìyànjú ẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn ò sọ fún wa ni pé owó kan wà tí kì í ṣe public funds, torí pé iṣẹ́ tí a ń ṣe tàbí National Insurance (NI) tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù wa ló ń gbé e wá. Àkọ́kọ́ ni Statutory Sick Pay, owó ìgbà àìsàn, ọ̀gá ibi iṣẹ́ ló ń san án, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 28. Tí ìyẹn bá tán tí ara ò tíì yá, New Style ESA (Employment and Support Allowance) wà, tó bá sì jẹ́ iṣẹ́ ló bọ́ tí ara le, New Style JSA (Jobseeker's Allowance) ni, èyí kì í ju oṣù mẹ́fà lọ. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé ẹ ti san NI tó tó láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta tó kọjá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́dún tó kọjá ò lè rí i gbà, ìyẹn dùn mí fún wọn, àmọ́ bí òfin ṣe rí nìyẹn.

Mo gbé lẹ́tà físà mi lọ bá agbẹjọ́rò tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ físà kí n tó béèrè, ó wò ó, ó ní ẹ̀tọ́ mi ni. Mo gba ESA. £90.50 lọ́sẹ̀ ni fún ẹni tó ti pé ọdún 25 lọ́dún 2024 yẹn, kò tó nǹkan, kò san háyà ilé, àmọ́ èmi ni mo fi òógùn mi san án sílẹ̀, mi ò sì gba ti ẹnikẹ́ni.

Àǹtí Thamesmead:
Àbúrò, ẹ ṣeun gan-an, mi ò mọ apá yìí rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá wà lórí físà kó ka ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, New Style ni o, kì í ṣe Universal Credit. Ṣé ẹ̀yìn yín ti wá ń san?

Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣe kíà:
Ó ń san o, Àǹtí. Mo ti padà síbi iṣẹ́, mi ò kàn ń gbé èèyàn mọ́.

Ìyá Ìbejì Houston:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ti Amẹ́ríkà lèmi fẹ́ sọ, torí pé ibi tí tiwa ti dojú rú ni pé owó àìríṣẹ́ àti owó àìlera ń bi èèyàn ní ìbéèrè tó kọjú sí ara wọn.

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, ibi iṣẹ́ ni wọ́n dín èèyàn kù, ẹ̀bi ẹ̀ kọ́. Ó wá béèrè fún unemployment lọ́dọ̀ ìjọba Texas. Tìyẹn, wọ́n á wo iye tó o pa ní mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú kọ́tà (oṣù mẹ́ta-mẹ́ta) márùn-ún tó parí kẹ́yìn, wọ́n á wo bí iṣẹ́ ṣe bọ́, tó bá jẹ́ pé ìwọ lo fi iṣẹ́ sílẹ̀ láì ní ìdí gúnmọ́ tàbí o hùwà burúkú, ó tán. Lẹ́yìn ìyẹn o gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́, o gbọ́dọ̀ ṣe tán láti ṣiṣẹ́, o sì gbọ́dọ̀ máa wá a. Gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa títí tí rọpárọsẹ̀ fi kọ lù ú, apá òsì ò gbé mọ́.

Ìbéèrè dé pé ṣé o lè ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní kí n máa bá a tẹ "bẹ́ẹ̀ ni", pé ta ló máa mọ̀. Mo ní rárá. Irọ́ ni, ìwé ìjọba sì ni, tí wọ́n bá já a a máa dá owó padà pẹ̀lú owó ìtanràn. Yàtọ̀ síyẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni adájọ́ máa gbé jáde lọ́jọ́ tó o bá wá sọ pé o ò lè ṣiṣẹ́. A tẹ "rárá", owó yẹn dúró, ebi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá, mi ò ní bò ó.

SSDI (Social Security Disability Insurance), ìyẹn owó àìlera, la wá lọ béèrè. Tìyẹn, owó Social Security tí wọ́n ti ń yọ nínú owó oṣù ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ló jẹ́ kó ṣe é ṣe. Kírẹ́díìtì iṣẹ́ 40 ni wọ́n sábà ń béèrè, ogún nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ láàárín ọdún mẹ́wàá tó kọjá, mẹ́rin ni èèyàn lè rí jù lọ́dún. Àìsàn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó máa tó ọdún kan ó kéré tán, tàbí èyí tó lè yọrí sí ikú. Wọ́n kọ̀ fún un lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ fetí sí mi: ọjọ́ 60 ni wọ́n fún èèyàn láti fi pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ẹ má jókòó máa sunkún títí tó fi kọjá. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọ́n tún kọ̀, ọ̀dọ̀ adájọ́ la ti rí i gbà. Lọ́yà ò gba owó kankan tẹ́lẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin owó ẹ̀yìn ló máa ń mú, òfin sì fi òpin sí iye tó lè mú. Oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ wọn kì í san án, Medicare, ìyẹn ìbánigbófò ìlera ìjọba, sì di lẹ́yìn oṣù 24 tó bá ti ń gba owó.

Ẹ tún má fi SSDI pe SSI o. SSI (Supplemental Security Income) ni ti ẹni tí ò ní nǹkan, $2,000 péré ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ ní, tọkọtaya $3,000, láti 1989 ni iye yẹn ti wà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mú ìyá wọn wá láti ilé, tí mọ́mì ní green card, ẹ má rò pé owó orí tí ẹ̀yin ọmọ ń san á kà fún wọn, iṣẹ́ ọmọ kì í kà fún ìyá níbẹ̀. Ó dùn mí láti sọ ọ́ torí mo mọ iye ilé tí ọ̀rọ̀ yìí wà.

Bọ̀dá Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní tiwa ńlé, kò sẹ́ni tó ń san owó àìríṣẹ́, àmọ́ ohun méjì wà tí òṣìṣẹ́ ò mọ̀. Ẹni tí ò tíì pé 50, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tí kò sì rí òmíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, lè gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà nínú àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n ẹ̀, òfin 2014 ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí èmi ṣe rí owó san school fees nìyẹn. Èkejì ni ti ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, òfin Employee's Compensation 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ fún NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund), kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nínú owó yín. Ẹ̀rọ gé ìka ọ̀rẹ́ mi kan, ọ̀gá ẹ̀ fún un lówó oògùn, ó ní kó máa lọ. Ẹ máa jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fi ìwé tó ọ̀gá létí, ẹ má gbà kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu.

Màmá Tọ́míwá:
Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́jọ ni SS, ṣé PIP náà ni?

Àǹtí Thamesmead:
Rárá, Màmá Tọ́míwá, tí kò bá tíì pé 16, DLA ti ọmọdé ni ẹ máa béèrè. Ohun tí wọ́n ń wò níbẹ̀ ni pé ìtọ́jú tó nílò ju ti ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, torí náà ẹ má kọ pé ẹ ń fún un lóúnjẹ, gbogbo ìyá ló ń ṣe ìyẹn. Ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ ń jí lóru láti fún un lómi mu àti láti wo bóyá ara ẹ̀ gbóná, ẹ kọ bí ẹ ṣe ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, bí ilé ìwé ṣe ń pè yín láti wá mú un, bí kò ṣe lè jáde ṣeré nígbà òtútù. Ó gbọ́dọ̀ ti rí bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kó sì jọ pé á tún rí bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà sí i. Ẹ gba lẹ́tà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àti ní ilé ìwé, kí ẹ sì ṣe kọ́pì gbogbo ẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ Scotland lẹ wà, Child Disability Payment ló ń jẹ́ níbẹ̀, fọ́ọ̀mù tiwọn yàtọ̀.