Ìkòkò gbígbóná àbí odó: èwo lẹ fi ń ṣe MOF? Ẹ sọ ìrírí yín

Ará Ìkòròdú: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí Kitagawa, Robson àti Yaghi ti gba ẹ̀bùn Nobel ní 2025 làwọn èèyàn ti ń bi mí léèrè MOF, èròjà oníhò wẹ́wẹ́ tí a fi irin àti èròjà oníkáábọ́ọ̀nù so pọ̀. HKUST-1, MOF oníbàbà, ni tèmi. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ṣe é ní Hong Kong ní 1999, inú omi àti ẹ́tánólù ni wọ́n ti po èròjà rẹ̀, wọ́n dé e pa nínú ìkòkò, wọ́n sì fi sínú ooru 180°C fún wákàtí 12. Wákàtí 12, ní àdúgbò tí iná kì í dúró! Owó epo jẹnẹrétọ̀ nìkan tó kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá akẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí olùkọ́ mi ní kí n gbé odó kékeré, ọkàn mi ò gbà á. Mo da copper acetate (iyọ̀ bàbà) àti trimesic acid (ásíìdì tó ń so bàbà pọ̀) sí i ní gbígbẹ, mo ń lọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tí òórùn fínígà gba gbogbo yàrá. Mo pariwo! Acetic acid, ásíìdì inú fínígà, ló ń jáde yẹn, trimesic acid ti ń gba ipò rẹ̀ lára bàbà. A gbé e sábẹ́ X-ray, ilà tí a fi ń dá HKUST-1 mọ̀ ló yọ. Tí a bá kán ẹ́tánólù díẹ̀ sí i, ó tún máa ń tò dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ará Ẹ̀pẹ́: Àbúrò, o kú oríire. Ṣé o fọ̀ ọ́? Acetic acid yẹn máa ń há sínú ihò. Ẹ́tánólù ni mo fi ń fọ tèmi, kí n tó yan án títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dúdú bí aró, tí omi inú rẹ̀ á ti lọ. Nítorí náà, ẹ ka ẹ́tánólù ìfọ̀ mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó ní odó ò lo nǹkan olómi. Mi ò sì ní da ìkòkò nù: ìyẹ̀fun ni odó ń fún wa. Ẹni tó bá ń wá ìrísí èròjà tuntun nílò kírísítálì tó tóbi, inú ìkòkò ló sì ti ń rí i.

Ìyá Ìbejì, Àgbádárìgì: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. MOF-5, MOF mìíràn, ni wọ́n ní kí n ṣe nígbà tí mo lóyún, DMF, èròjà olómi kan, ni wọ́n sì fi ń po ó. DMF lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè ṣe ọmọ inú léṣe. Fáànù tó yẹ kó fa èéfín jáde ò ṣiṣẹ́. Mo kọ̀ jálẹ̀. ZIF-8, MOF oní-zinc, ni mo yí sí: zinc oxide, 2-methylimidazole (òun ló ń so zinc pọ̀), iyọ̀ ammonium díẹ̀, mo lọ̀ wọ́n pọ̀. Omi lásán ló ń jáde níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí ẹ̀rọ ìlọ̀ oníbọ́ọ̀lù irin wà nítòsí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbọ́.