Bí mo ṣe kọ́ ìtàn ìfẹ́ kíkọ ní Yorùbá: ẹ wá sọ tiyín

Aránṣọ, Ṣakí

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ ìtàn ìfẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń fi abala kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ohun tó yí ọwọ́ ìkọ̀wé mi padà ni mo fẹ́ sọ, kí ẹ̀yin náà lè sọ tiyín.

Nínú ìtàn àkọ́kọ́ tí mo kọ, ọ̀dọ́kùnrin kan kúnlẹ̀ níwájú ọmọbìnrin tó ń fẹ́, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ ju ẹ̀mí mi lọ." Inú mi dùn sí i gan-an. Mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù níbi tó ti ń lọ aṣọ. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó ní, "Ọmọ ibo ni ọkùnrin tó ń kúnlẹ̀ yìí? Ta ló sì ń sọ̀rọ̀ báyẹn?"

Ó wá sọ fún mi bí ọkọ tirẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ. Oníbàárà ni ọkùnrin náà. Odidi oṣù mẹ́fà ló fi ń kó ṣòkòtò tí kò ní àbùkù kankan wá fún àtúnṣe. "Ẹ" lẹ̀gbọ́n mi ń fi bá a sọ̀rọ̀, "ẹ" lòun náà ń fi dá a lóhùn, torí pé ọ̀rọ̀ òwò ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ṣú, ọkùnrin náà ò fẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Tètè máa lọ, òjò á pa ọ́." Kò sọ pé "yín." Ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ó ní ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wojú òun, ó sì bọ́ sínú òjò. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbé ṣòkòtò wá mọ́. Ara rẹ̀ ló ń gbé wá.

Mo délé, mo pa ìtàn mi rẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìwé ìfẹ́ tí mo ti kà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì sì ní fún "ìwọ" àti "ẹ̀yin", ìyẹn ni n kò fi mọ̀ pé irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Nínú ìtàn tuntun, abala méje ni àwọn méjèèjì fi ń pe ara wọn ní "ẹ". Nígbà tí ọmọbìnrin náà sọ "o" ní abala kẹjọ, n kò kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan tẹ̀lé e, síbẹ̀ ilẹ̀ mọ́ bá àwọn òǹkàwé tí wọ́n ṣì ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi.

Olùkọ́ Yorùbá, Ìṣẹ́yìn

Ọmọ mi, o káre. Àwọn bàbá wa kúkú mọ̀ ọ́n. Bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà pàrokò sí ẹlòmíràn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkàn òun fà sí i, torí "fà" ń dún nínú "ẹ̀fà". Mẹ́jọ ń sọ pé a jọra, ọ̀rọ̀ wa ṣọ̀kan.

Ohun tó máa ń dùn mí nínú ìtàn táwọn ọmọ iléèwé ń kọ ni pé olólùfẹ́ méjì nìkan ló ń gbé nínú rẹ̀. Ìyá ńkọ́? Alárinà ńkọ́? Láyé àtijọ́, alárinà ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ tó ń gbé e bọ̀, títí ọmọbìnrin á fi ṣíhùn. Ẹ wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nínú ìrìn yẹn: alárinà lè bu ọ̀rọ̀ kù, ó lè fi kún un, ọkàn tirẹ̀ gan-an lè yí sí ẹni tí wọ́n rán an sí. Ní sáà tó kọjá, mo ní kí wọ́n kọ ìtàn ìfẹ́ ojú ewé méjì, kí "ìfẹ́" má fara hàn níbẹ̀. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti ọmọ tó kọ nípa olóúnjẹ kan tó ń fi ẹran kún ọbẹ̀ oníbàárà kan ṣoṣo, tí kì í gbowó rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, London

Ẹ ṣeun, Bàbá. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ tèmi tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2015, Ankara Press, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó wà lábẹ́ Cassava Republic, gbé àwọn ìtàn ìfẹ́ kéékèèké jáde fún ọjọ́ olólùfẹ́, wọ́n sì túmọ̀ wọn sí àwọn èdè ilẹ̀ Áfíríkà. Yorùbá wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á lóru ọjọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́.

Ìṣòro tèmi ni ọ̀rọ̀ inú yàrá. Bí mo bá kọ ọ́, á le bí òkúta, tàbí kó dà bíi pé dókítà ló ń ṣàlàyé. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń fo ibẹ̀. Oríkì tí wọ́n fi ń kí ọmọge ló là mí lójú: ìbàdí àrán, ẹ̀jí, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ní báyìí, màá pa iná, màá jẹ́ kí òǹkàwé gbọ́ ìró ìlẹ̀kẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ìyá mi, tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì mi rí, ka èyí. Ó pè mí láti Iléṣà, ó ní, "Ìgbà wo lèyí tó kù ń bọ̀?"

Aránṣọ, Ṣakí

Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́. Èyí tí mo ń kọ lọ́wọ́ ló ń dá mi dúró. Opó ni obìnrin náà, ọmọ ọdún 52. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ìyá Ṣọlá, títí kan ọkùnrin tó ń ta pákó ní òdìkejì, tí òun náà ti ní ọmọ-ọmọ. Ní ọjọ́ orí wọn, "ẹ" ò lè ṣàdédé di "o". Mo rò pé orúkọ rẹ̀ gan-an ló máa kọ́kọ́ pè, orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò pè é mọ́ látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ibi tí ọkùnrin náà ti máa gbọ́ orúkọ ọ̀hún ni mo ń wá. Ẹni tó bá ti kọ irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.