Áńbúláǹsì àtijọ́ tí mo fẹ́ sọ di ọkọ̀ àgọ́: ṣé kí n tú inú rẹ̀ pátá?

Awakọ̀ Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo bá wá.

Mo ra Land Cruiser HZJ78 kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe áńbúláǹsì. Wọ́n lù ú ní gbàǹjo, mo sì rí i rà ní 2,500,000 sééfà. Irú ọkọ̀ yìí gan-an ni mo fi ọdún 9 wà kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ojú mi mọ̀ ọ́n. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí èmi àti ìyàwó mi máa sùn sínú rẹ̀ lójú ìrìn àjò. Ṣábẹ la fẹ́ kọ́kọ́ lọ, ká pàgọ́ sí ìsàlẹ̀ àwọn òkè àpáta yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó lọ wo àwọn ilé alámọ̀ Koutammakou lápá Natitingou. Ti Togo ti wà nínú ìwé ogún àgbáyé UNESCO láti 2004, ní 2023 ni wọ́n fi tiwa ní Benin kún un.

Àwọn kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó wà lápá òsì ṣì le koko, bẹ́ǹṣì gígùn apá ọ̀tún náà ò ṣe nǹkan kan. Ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ ni, àbí kí n tú gbogbo ẹ̀ dànù?

Lánàá mo ká rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Páákó abẹ́ rẹ̀ ti dúdú ní igun ẹ̀yìn, ó rọ̀ débi pé mo ti ìka bọ̀ ọ́, ó sì wọlé. Òórùn kan ń tibẹ̀ jáde tí Javel, omi apakòkòrò yẹn, ò borí. Níbi tí mo ti ń tú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mo ti rí àjákù àǹkárá kan tó há sínú ìdè rẹ̀. Kò ju àtàǹpàkò mi lọ, ewé ni àwọ̀ rẹ̀, etí rẹ̀ sì ti ya wúruwùru. Ẹni tó ró aṣọ yẹn lọ́jọ́ náà, n ò mọ̀ bóyá ó padà délé. Mo jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, n ò lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìyá mi ní àwọn ò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní ọkọ̀ tí èèyàn ti kú sí kì í ṣe ibi tí tọkọtaya ń tẹ́ ẹní sí. Wọn ò bá mi jà, ṣùgbọ́n wọn ò súnmọ́ ọkọ̀ náà rárá. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lára mi ju ti páákó lọ.

Mẹkáníìkì Ṣábẹ

Ẹ kú oríire ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbàgbé ibùsùn ná, ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. 1HZ ló wà nínú ẹ̀: gasoil (dísẹ̀lì) ló ń lò, 4.2 lítà, sílíńdà mẹ́fà, kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Kò sí abúlé tí ẹ máa bàjẹ́ sí tí ẹ ò ní rí ẹni tó lè tún un ṣe. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má gba iye kìlómítà tó wà lójú ọkọ̀ gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: áńbúláǹsì máa ń dúró síwájú ilé ìwòsàn, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, méjì, kìlómítà ò ní kúrò lójú kan. Tí ẹ ò bá rí ìwé tó sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì tàímíǹgì gbẹ̀yìn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó jáde ní Kétu. 100,000 kìlómítà ni wọ́n fi ń dá ọjọ́ fún un. Tó bá já lójú ọ̀nà, fáàfù á kọ lu písítìnì, owó tí ẹ máa ná á wá dà bí owó tí ẹ fi ra ọkọ̀.

Ẹ tún wọ abẹ́ ọkọ̀. Omi Javel tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ inú rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣáásí ló ń sàn lọ bá, ó sì máa ń jẹ irin. Ẹ fi òòlù kékeré kan ibi tí páànù ti so pọ̀ lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn. Tó bá dún gan-an, ó dáa. Tí ìró rẹ̀ bá kú, tí ìpẹtà ń já bọ́, ẹ pe wẹ́dà kí ẹ tó pe káfíńtà.

Ọmọ Ìdáàṣà

Ẹ yọ sàírínì àti iná búlúù yẹn kí ẹ tó gbé e jáde o.

Ìyá Ìbejì (nọ́ọ̀sì, Àjàṣẹ́)

Bọ̀ọ̀dá, páákó yẹn ò ṣeé fọ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ara tó ti wọ inú igi kì í jáde. Ẹ tú u, kí ẹ jó o níbi tó jìnnà sílé. Kí ẹ sì tú kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrò lára ògiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa dá a padà, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ máa ń já sí. Mo ti rí i lójú ara mi. Ìbọ̀wọ́ awọ tó nípọn ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe ti rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ibi tí ojú yín ò tó. Ẹ̀mú ni kí ẹ fi mú abẹ́rẹ́, sínú gálọ́ọ̀nù oníke tó le, kí ẹ gbé e fún ilé ìwòsàn.

Ní ti irin, ọṣẹ àti omi ló ṣáájú, torí ìdọ̀tí máa ń gba agbára lọ́wọ́ Javel. Lẹ́yìn náà kí ẹ lo Javel tó jẹ́ 0.5%: tí wọ́n bá kọ 2.6% sára igò yín, ìwọ̀n kan Javel, ìwọ̀n mẹ́rin omi. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wá fi omi lásán ṣàn án dáadáa nítorí ohun tí Mẹkáníìkì sọ. Kí gbogbo ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ẹ má pò ó mọ́ nǹkan mìíràn láéláé. Tí ọ̀pá ọ́síjìnnì bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ má fi òróró tàbí gíríìsì kàn án.

Ní ti Màmá, ẹ bá mi kí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ilé ni mo ti bí Táyé, Kẹ́hìndé kọ̀, kò jáde. Inú áńbúláǹsì ni mo bí i sí, lójú ọ̀nà Pọ́bẹ̀, iná tọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ awakọ̀. Ọmọ yẹn ti pé ọdún 14 báyìí. Àwọn tó gba inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ayé pọ̀, ẹ̀yin tí ẹ wà á ló sì mọ iye wọn.

Wáyà Àjàṣẹ́

Tèmi ò pọ̀. Wáyà tí wọ́n fi so sàírínì, ẹ má kàn gé e lójú kí ẹ fi téèpù dì í. Ẹ tọ̀ ọ́ dé ìdí fíúsì, kí ẹ yọ ọ́ níbẹ̀. Fíúsì tuntun kankan tí ẹ máa fi sí i, ìdí bátìrì gan-an ni kó wà.

Fìríìjì kékeré oní-12V tó ń jẹ 50W, tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 12 nínú 24, ó ti jẹ 600Wh (wáàtì lọ́nà wákàtí). Bátìrì olójé 12V tó jẹ́ 100Ah ní 1,200Wh nínú, ìdajì ló yẹ kí ẹ máa lò kó má baà tètè kú. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹ gbé sólà 200W sórí òrùlé, kí ẹ sì ya bátìrì tí fìríìjì ń lò sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń ta ẹ́ńjìnnì.

Pàgọ́pàgọ́

Ooru ló máa lé yín jáde, kì í ṣe òkú. Wọ́n ṣe ọkọ̀ yẹn kí ẹni tó wà níta má rí aláìsàn, fèrèsé ò pọ̀. Ẹ lu ihò sí òrùlé fún fáànù kékeré, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí fèrèsé méjì tó kọjú síra wọn. Ẹ má gbé ìkòkò èédú wọnú rẹ̀, ì báà jẹ́ òjò ló ń rọ̀. Èéfín tí ojú ò rí ló ń pa èèyàn mọ́ ojú oorun. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ kí ẹ tó kọjá Natitingou lọ sápá igbó ẹranko Pendjari, àwọn agbébọn ti ń ṣọṣẹ́ níbẹ̀ láti ìparí 2021.

Ọmọ Ìdáàṣà

Mo gbàgbé. Àgbélébùú pupa tó bá wà lára rẹ̀, ẹ pa á rẹ́ pátápátá. Àdéhùn Geneva 1949 ló dáàbò bò ó, kì í ṣe ti ọkọ̀ aládàáni. Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ gbé ọkọ̀ lọ fún visite technique (àyẹ̀wò ọkọ̀) kí wọ́n sì yí irú ọkọ̀ padà lórí carte grise (ìwé ọkọ̀). Ẹ wo PTAC tó wà níbẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ ò gbọdọ̀ jù lọ, kí ẹ má baà kọjá rẹ̀, lítà omi kan, kílò kan ni. Tí ẹ bá fẹ́ wọ Togo tàbí Nàìjíríà, ẹ gba carte brune CEDEAO (ìwé ìbánigbófò ọkọ̀ ti ECOWAS).

Awakọ̀ Kétu

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Mo ti tú páákó. Abẹ́rẹ́ 3 ni mo bá lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé gan-an ni.

Mo ka ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé sétí ìyá mi. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ní àárọ̀ yìí wọ́n wá sídìí ọkọ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n gba àjákù àǹkárá yẹn lọ́wọ́ mi, wọ́n wé e sínú aṣọ funfun, wọ́n ní kí n gbẹ́ ilẹ̀ sí ìdí igi ọ̀pẹ. Wọ́n wá béèrè ibi tí àwọn máa jókòó sí tí a bá ń lọ Ṣábẹ. Mo ti sọ fún káfíńtà kó má fọwọ́ kan bẹ́ǹṣì apá ọ̀tún.

Mẹkáníìkì Ṣábẹ

Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ǹṣì yẹn kọ ẹ̀gbẹ́ sọ́nà, kò sì ní bẹ́líìtì. Tí ọkọ̀ bá ń rìn, iwájú ni kí Màmá wà. Tí ẹ bá ti dé, kí ẹ wá tẹ́ fóòmù lé bẹ́ǹṣì fún wọn. Ẹ pè mí tí ẹ bá ti kọjá Ìdáàṣà, màá wá pàdé yín.