Èsì: "ayé àpapọ̀" kọ́, "ọ̀run àjọní" ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá "ayé àpapọ̀" fún ètò inú Dungeons & Dragons, eré tí àwọn èèyàn ti ń jókòó papọ̀ fi ẹnu ṣe ìtàn akọni, níbi tí oríṣiríṣi ayé inú eré ti ń lo àwọn ọ̀run kan náà, àti "ayé ọ̀tọ̀" fún òdìkejì rẹ̀, níbi tí ayé kan ti ní ọ̀run tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, "ayé àpapọ̀" kò wọ̀ mí létí.

Ẹ wo mẹ́ta nínú àwọn ayé inú eré náà: Toril dá dúró, Oerth dá dúró, Krynn náà dá dúró. Ẹnikẹ́ni ò pa ayé wọn pọ̀. Ibùgbé àwọn òrìṣà àti ti àwọn òkú, èyí tí wọ́n ń pè ní Great Wheel, ni wọ́n jọ ń lò. Igbá ìwà wọn pọ̀, ọmọrí kan ló bo gbogbo wọn. "Àpapọ̀" ní tirẹ̀, bí a ṣe ń sọ ọ́ nínú "àpapọ̀ owó", ohun tí a kó jọ tó di ọ̀kan ni. Nílé bàbá mi, yàrá mẹ́jọ ló yí àgbàlá ká, kànga kan ló wà láàárín. A ò pe yàrá wọ̀nyẹn ní yàrá àpapọ̀ rí. Kànga la jọ ni. Nítorí náà, mo dábàá "ọ̀run àjọní", kí òdìkejì rẹ̀ jẹ́ "ọ̀run àdáni", bí a ṣe ń sọ pé ilé-ìwé àdáni.

Àwọn tó fẹ́ràn àjọní fẹ́ kí akọni wọn lè gba ẹnu ọ̀nà kan ní Sigil, ìlú inú eré náà tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ já sí oríṣiríṣi ayé, kó sì bọ́ sí ayé mìíràn. Ìyẹn dùn lóòótọ́. Ti àdáni ni mo bá lọ ní tèmi, nítorí Eberron, ayé mìíràn nínú eré náà. Láti 2004 ló ti ní ọ̀run mẹ́tàlá tirẹ̀, tí wọ́n ń sún mọ́ ayé, tí wọ́n sì ń jìnnà sí i. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òrìṣà wà. Ìgbàgbọ́ nìkan làwọn àlùfáà dì mú. Bí a bá wá gbé ọ̀run àjọní kà á lórí, tí èèyàn lè lọ kí òrìṣà nílé rẹ̀, adùn ìtàn náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọ̀kan ṣì kù. Ìwé Eberron ti 2019 sọ pé inú Great Wheel ni Eberron wà, àmọ́ wọ́n sé e mọ́, àwọn ọ̀run yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ ibẹ̀. Kì í ṣe àjọní, kì í ṣe àdáni pátápátá. Mo ti rò ó sí "ọ̀run àhámọ́", àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì ṣẹ̀ níbẹ̀. "Ọ̀run olódi" ni màá mú, bí ìlú olódi.