Ẹ wá sọ ìrírí yín: ẹyin pípa nínú ẹ̀rọ àti ilé adìẹ ẹ̀yìnkùlé

Ẹ̀yin olólùfẹ́ adìẹ, ẹ kú ìtọ́jú o. Mo ti ń ka ohun tí ọ̀pọ̀ yín kọ, ooru ni gbogbo yín ń sọ, ooru sì ṣe pàtàkì lóòótọ́, mi ò jiyàn, ẹ̀rọ tó ní fáànù ẹ gbé e sí 37.5°C kẹ́ ẹ fi í síbẹ̀, èyí tí ò ní fáànù a máa fẹ́ kó ga ju bẹ́ẹ̀ díẹ̀, bíi 38.5°C tẹ́ ẹ bá fi tẹmómítà sórí ẹyin gan-an. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èyí tí mo ti pa, ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ ni mo rí pé ó máa ń ya ẹyin tó pa sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ọmọ ẹ̀ kú sínú èèpo.

Tọ́ọ̀ṣì ló là mí lójú. Alẹ́ ni mo máa ń yẹ ẹyin wò, màá pa gbogbo iná yàrá, màá gbé ìdí ẹyin tó fẹ̀ ka ojú tọ́ọ̀ṣì. Tó bá fi máa di ọjọ́ keje, ẹyin tó ní ọmọ nínú á ti ní òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín tó nà káàkiri láti ojú kan, ẹ máa rí kiní dúdú kékeré kan láàárín ẹ̀ tó ń mì, ojú ọmọ nìyẹn o! Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan ò ní gbàgbé ẹ̀ láé. Èyí tó mọ́ kedere kò lọ́mọ nínú, èyí tó ní òrùka ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ti kú nìyẹn, ẹ yọ ọ́ kó tó di ọ̀bu, torí ọ̀bu tó bá bẹ́ nínú ẹ̀rọ, àwọn ẹyin tó kù ló máa kó àrùn ràn.

Níbi ìdí tó fẹ̀ yẹn náà lẹ máa ti rí àyè afẹ́fẹ́. Pẹ́ńsùlù ni mo fi ń fa ìlà yí i ká lára èèpo lọ́jọ́ keje, ọjọ́ kẹrìnlá, ọjọ́ kejìdínlógún, àyè yẹn gbọ́dọ̀ máa fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ torí omi inú ẹyin ń gba àwọn ihò wínníwínní ara èèpo jáde. Kí ẹyin tó pa, ó yẹ kí ìwúwo ẹyin náà ti fi nǹkan bíi 12 tàbí 13 nínú 100 dín kù. Tí àyè yẹn ò bá fẹ̀, ọ̀rinrin ti pọ̀ jù nìyẹn, ọmọ á wú dí inú ẹyin, kò ní ráyè yí orí ẹ̀ sọ èèpo. Tó bá sáré fẹ̀ jù, awọ fẹ́lẹ́ inú èèpo á gbẹ mọ́ ọmọ lára. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ọ̀rinrin sí 45 sí 50 nínú 100 fún ọjọ́ 18 àkọ́kọ́, tó bá wá dìgbà yẹn màá dáwọ́ yíyí ẹyin dúró, màá bu omi kún un kó gòkè dé bíi 65 sí 70, màá sì pa ìdérí dé. Ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ ṣá, ẹ má dí i o, àwọn ọmọ yẹn ti ń mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣí i wò ní gbogbo ìgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ́wọ́ kúrò. Òròmọdìẹ máa ń ké nínú ẹyin kó tó dá a lu, lẹ́yìn náà á fi eyín kékeré orí àgógó ẹ̀ gún èèpo, á wá dákẹ́, ó lè dákẹ́ fún odidi ọjọ́ kan. Kò dákẹ́ lásán o, ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú awọ yẹn ló ń fà padà sára, tó tún ń fa ìyókù pupa ẹyin wọ inú ikùn. Ẹni tó bá lọ bá a bó èèpo nírú àsìkò yẹn, ẹ̀jẹ̀ ló máa bá. Pupa ẹyin yẹn náà ló ń gbé e ró fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta láì jẹ láì mu, torí náà kí la fẹ́ sáré kó wọn jáde fún? Ẹ jẹ́ kí ara wọn gbẹ.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ sọ yìí ló gbé mi dórí ọ̀rọ̀ ilé, torí èmi, iṣẹ́ pákó ló wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Mo ti wọ ilé adìẹ kan rí tí wọ́n dí gbogbo ihò ẹ̀ nítorí òtútù, bẹ́ ẹ bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ojú á máa ta yín, òórùn ìgbẹ́ á gbamú, omi á ti sẹ̀ sábẹ́ páànù tí á máa kán sórí àwọn adìẹ. Adìẹ ń mí, ìgbẹ́ wọn sì kún fún omi, omi yẹn gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde. Òtútù gbígbẹ ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe adìẹ tó ti hu ìyẹ́ tán ní nǹkan kan, èyí tó ní omi nínú ló ń bá èémí wọn jà, níbi tí yìnyín ti ń bọ́ òun ló ń jẹ́ kí ogbe orí wọn dì. Nígbà tí mo fẹ́ kọ́ tèmi mo dá ojú afẹ́fẹ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì lábẹ́ òrùlé, ó ga ju ibi tí orí wọn máa dé tí wọ́n bá wọ̀ lálẹ́, kí atẹ́gùn máa gba òkè wọn kọjá láì fẹ́ lù wọ́n.

Igi tí wọ́n ń sùn lé, ẹ jẹ́ kó ga ju àpótí tí wọ́n ń yé sí, torí ibi tó bá ga jù ni adìẹ máa ń wá sùn, tó bá jẹ́ àpótí ló ga jù, inú ẹ̀ ni wọ́n á máa yàgbẹ́ sí mọ́jú. 20 sí 25 sẹ̀ǹtímítà tó adìẹ kan lórí igi. Àpótí kan tó adìẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kódà bẹ́ ẹ bá ṣe mẹ́wàá, ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wọn á máa jà lé.

Wáyà wá ńkọ́? Wáyà olójú fífẹ̀ tí gbogbo ayé ń rà yẹn, adìẹ ló ń dá dúró, kò dá ohun tó ń wá adìẹ jẹ dúró. Eku ń gba ojú ẹ̀ wọlé, ejò ń gbà á, ajá á fi eyín ya á. Èyí tó le, tí ojú ẹ̀ ò ju ìlàjì ínṣì lọ ni mo lò, mo fi ìṣó àti wáṣà kàn án mọ́ pákó, mo wá tẹ́ òmíràn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yí ilé ká, ó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, mo da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ẹranko tó bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ wọlé, ìdí ògiri ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo rí ibi tí nǹkan kan ti họlẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ti fọ́n káàkiri, ojú èékánná hàn rekete, wáyà ló bá nísàlẹ̀ níbẹ̀, kò lè kọjá. Mo ka adìẹ mi, wọ́n pé! Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi jáde wá wò ó.

* * *

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dárúkọ ìyá adìẹ nínú yín. Èmi ò lo ẹ̀rọ. Tí àgbébọ̀ bá ti jókòó pa sórí ìtẹ́, tó fẹ ìyẹ́, tó ń kùn sí mi tí mo bá nawọ́ sí i, mo mọ̀ pé ó fẹ́ sàba nìyẹn, màá gbé e lọ síbi tó dákẹ́ rọ́rọ́, tó ṣókùnkùn díẹ̀. Òun ló ń fúnra ẹ̀ yí ẹyin, ó tún ń tu ìyẹ́ àyà ẹ̀ kí ara ẹ̀ lè kan ẹyin. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló ń dìde lọ jẹun, ẹ má bẹ̀rù pé ẹyin ti tutù, á padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ pa tiyín, ìyá tó ń sàba lè bá yín tọ́ wọn. Ẹ dúró di alẹ́, nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa, kẹ́ ẹ rọra ti àwọn òròmọdìẹ sábẹ́ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa yọ ẹyin kúrò bẹ́ ẹ ṣe ń fi ọmọ sí i. Kó jẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa o, èyí tó bá ti dàgbà díẹ̀ ò ní mọ̀ ọ́n ní ìyá. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ kẹ́ ẹ ti wà níbẹ̀. Tó bá ń pè wọ́n jẹun, ó ti gbà wọ́n. Tó bá ń ṣá wọn lórí, ẹ kó wọn kúrò lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ gbé wọn sábẹ́ gílóòbù ní 35°C, kẹ́ ẹ máa fi bíi 3°C dín in kù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ara àwọn ọmọ fúnra wọn ni kẹ́ ẹ sì máa wò: tí wọ́n bá kó jọ gègèrè sábẹ́ iná, òtútù ń mú wọn, tí wọ́n bá sá lọ sí etí tí wọ́n ń lanu mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ gbé iná yẹn sókè.